Bí Mo Ṣe Wá Iṣẹ́ Ọdẹ Ọba Lọ sí Dúródèmí

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin tí òjò ọ̀sán lé wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Kí àwọn ọmọdé jókòó síwájú, kí àwọn àgbà fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹni tí ó mú iṣu sísun wọlé má ṣe dá a jẹ, nítorí iṣu àdájẹ a máa há ni lọ́fun. Lánàá, ọ̀kan nínú yín bi mí pé kí ló dé tí irú ọdẹ bí èmi, Ọdẹ́gbàmí ọmọ Ògúnṣínà, èmi tí mo fi ọta kan pa ẹfọ̀n méjì, èmi tí erin rí tí ó ya bàrá gba ọ̀nà mìíràn, kò fi sin ọba kankan rí. Mo rẹ́rìn-ín, n kò dáhùn. Lónìí n ó dáhùn. Ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún yín o: ẹni tí ó bá ń wá ìtàn tí a fi ń jó, kó dúró de ọjọ́ mìíràn.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ìyàwó mi, Ṣẹ́gilọlá, ti kú láti ọdún méjì. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí ti lọ sílé ọkọ, ó jìn tó ìrìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn ọdẹ tí a jọ ń wọ igbó, ikú ti mú mẹ́rin nínú wọn, ojú ti fọ́ mọ́ ẹnì karùn-ún lórí. Bí mo bá jí láàárọ̀, ògiri ni mò ń kí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá dá gbé ilé rí ni yóò rò pé ògiri kì í gba ìkíni.

Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, àwọn agégi tún wọ igbó wa. Wọ́n gé ìrókò, wọ́n gé apá, wọ́n gé ọmọ igi tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀. Ariwo ayùn wọn lé gbogbo ẹran lọ, títí ó fi jẹ́ pé bí mo bá rí òkété lásán, inú mi a dùn bí ẹni tí ó rí ìbátan. Ọdẹ tí kò rí ẹran pa mọ́, kí ni a ó máa pè é? Ẹni tí ó ń gbé ìbọn rìn kiri ni.

Bí mo ṣe wà nìyí tí odídẹrẹ́ kan fi bà sórí òrùlé mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí ó sì ké bí akéde:

"Ọba Dúródèmí ń wá ọdẹ! Ọba Dúródèmí ń wá ọdẹ kan tí yóò máa ṣọ́ Igbó Ọba! Ilé wà níbẹ̀! Aṣọ wà níbẹ̀! Ọdẹ méje ti wà níbẹ̀ tí ẹ ó jọ máa ṣeré ìrọ̀lẹ́! Ẹni tí ó bá mọ ara rẹ̀ lọ́dẹ kó máa bọ̀!"

Kí odídẹrẹ́ náà tó fò lọ, mo ti ń di ẹrù mi. Ilé kọ́ ló fà mí, mo ní ilé. Aṣọ kọ́. Ọdẹ méje tí a ó jọ máa ṣeré ìrọ̀lẹ́ ni.

Mo rìn títí mo fi wọ Igbó Ẹlẹ́sẹ̀kan. Ní àárín igbó náà ni iwin kan ti yọ sí mi. Ẹsẹ̀ kan ni ó ní, ẹsẹ̀ náà nípọn bí òpó ààfin. Koríko tútù ni irun orí rẹ̀, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà kọ́ ilé sínú rẹ̀, wọ́n sì ń pariwo bí ẹni tí ó ń pín ogún.

Ó ní, "Ènìyàn! Ẹnikẹ́ni kì í kọjá níbí láìbá mi ja ìjàkadì."

Mo ní, "Iwin, ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?" Mo gbé àpò mi kalẹ̀, mo fi ìbọn ti igi. Háà, ẹ̀yin ará, ẹ ò sí níbẹ̀! Mo dì mọ́ ọn, ó dì mọ́ mi. Igi mẹ́tàdínlógún ni a fi ẹ̀yìn wó. Ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Òjìji wa ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀ wa nígbà tí mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì kọ́ ẹyọ kan tí ó ní, mo sì gbé e ṣánlẹ̀ gbìì! Àwọn ẹ̀gà orí rẹ̀ fò lọ, n kò sì gbọ́ pé wọ́n padà.

Mo rò pé yóò bínú. Ńṣe ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run, omi ń jáde lójú rẹ̀. Mo bi í bóyá ó fara pa ni.

Ó ní, "Rárá. Ọdún mọ́kànlélógún nìyí tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ti kàn mí kẹ́yìn. Ọdẹ, dúró tì mí. A ó máa jà lójoojúmọ́. Bí o bá fẹ́, n ó máa jẹ́ kí o dá mi."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ìjà lọ. Mo jókòó tì í títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tí mo dìde, mo sọ fún un pé iṣẹ́ kan ń dúró dè mí ní Dúródèmí.

Ó ní, "Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí ó gba ibí kọjá lọ sí ìlú yẹn. N kò tíì rí ẹni tí ó gba ibí padà."

Ǹ bá ti gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í bèèrè orúkọ odò.

Odi Dúródèmí ga tó ọ̀pẹ méjì tí ó gun ara wọn lórí. Ní ibodè kìíní, mo bá oníbodè kan tí ó ní ojú mẹ́fà, kò sì ní etí rárá. Ó na pátákó dúdú kan sí mi pẹ̀lú ẹfun, ó ní, "Ya ìgbésí ayé rẹ síbẹ̀. Gbogbo ẹran tí o ti pa, gbogbo igbó tí o ti wọ̀, ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, àti ènìyàn mẹ́ta tí yóò jẹ́rìí rẹ."

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi yà á. Mo ya ẹfọ̀n, mo ya ẹkùn, mo ya bàbá mi tí ó kọ́ mi níṣẹ́, mo tilẹ̀ ya ihò imú rẹ̀ tí ó máa ń fẹ̀ bí inú bá ń bí i. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni ó fún mi ní wàhálà, nítorí àwọn tí ó lè jẹ́rìí mi ti kú. Mo ya ibojì mẹ́ta. Oníbodè gba pátákó náà, kò fi ẹyọ kan nínú ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò ó, ó jù ú sórí òkìtì pátákó kan tí ó ga bí àká àgbàdo.

Ó ní, "Kọjá."

Ní ibodè kejì, obìnrin kan ni mo bá. Etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, ṣùgbọ́n kò ní ojú.

Ó ní, "Sọ ìtàn ara rẹ fún mi."

Mo ní, "Ìyá mi, mo ti ya gbogbo rẹ̀ sórí pátákó ní ibodè kìíní."

Ó ní, "Ṣé o rí ojú lára mi ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú. Bóyá kí ẹ bi oníbodè ọ̀hún, yóò sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ fún yín."

Ó ní, "Òun kò létí. Báwo ni yóò ṣe gbọ́ ìbéèrè mi? Sọ ìtàn ara rẹ, kí o sì yára, oúnjẹ mi ń tutù."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi ikú Ṣẹ́gilọlá, ohùn mi yí padà. Obìnrin náà na ọwọ́ sókè, ó ní, "Fo ìyẹn. Ìyẹn kò kan iṣẹ́." Mo fò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fo ìyàwó mi nínú ìtàn ara mi, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe jókòó níwájú yín yìí.

Wọ́n so àpáàdì kan mọ́ mi lọ́rùn, wọ́n ti fa ilà mẹ́tàdínlógójì sí i. Obìnrin náà ní, "Láti ìsinsìnyí lọ, Ẹni Kẹtàdínlógójì ni orúkọ rẹ. Má ṣe jẹ́ orúkọ mìíràn nínú odi yìí. Bí a bá fẹ́ ọ, a ó pè ọ́."

Àgbàlá kan ni wọ́n mú mi lọ. Òkúta ni wọ́n tò síbẹ̀ ní ìlà, ọdẹ kọ̀ọ̀kan sì jókòó sórí òkúta tirẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀yìn ẹni iwájú. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n ní àwọn tí ó ń wá nǹkan kan náà kì í ṣe ọ̀rẹ́. Mo rí ọkùnrin kan tí koríko ti hù láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rí òmíràn tí ó ń fi ètè sọ ìdáhùn sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í. Láàárọ̀ ni arúgbó obìnrin kan, Ìyá Ṣínà, máa ń wá gbá àgbàlá náà, òun náà ni ó máa ń fi ẹ̀kọ tútù kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Òun nìkan ni ó máa ń sọ pé, "Ẹ kú ìjókòó." Mo máa ń jí dúró de ìkíni yẹn.

Èmi tí mo ti wọ ihò ẹkùn rí, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: kò sí igbó tí ó dá bí àgbàlá tí ènìyàn kún tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo gbọ́ tí àparò ké lẹ́yìn mi. Àparò nínú odi? Mo mọ̀ pé súfèé ọdẹ ni. Mo dá a lóhùn bí àdàbà. Ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn mi, Ẹni Kejìdínlógójì, ni ó ń súfèé. Díẹ̀díẹ̀ ni a fi ohùn ẹyẹ bá ara wa sọ̀rọ̀, nígbà tí ó sì yá a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí ìgbálẹ̀ Ìyá Ṣínà bá ń ró. Láṣebìkan ni orúkọ rẹ̀, ọdẹ ìlú Ajùbà ni, ó sì kéré sí mi ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ó ní ìyàwó, Fẹ́yìntọlá, àti ọmọbìnrin kékeré kan tí ń jẹ́ Tinú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo sọ fún ìyá Tinú pé ọjọ́ mẹ́rìnlá ni n ó lò. Ó ti lé ní oṣù kan báyìí."

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò padà?"

Ó ní, "Bí mo bá lọ lónìí, tí wọ́n sì pè mí lọ́la ńkọ́?"

 Ohun tí ó so èmi náà mọ́ òkúta nìyẹn.

Lẹ́yìn oṣù méjì tí mo ti débẹ̀, wọ́n pè mí síwájú àwọn àgbà mẹ́ta. Ẹnu ẹni àkọ́kọ́ wà ní ìpàkọ́, nítorí náà bí ó bá fẹ́ bi mí ní ìbéèrè, ẹ̀yìn ni yóò kọ sí mi. Ẹnì kejì ń sùn. Ẹnì kẹta ń jẹ ẹ̀pà, ó ń ju èèpo rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀.

Onípàkọ́ ní, "Kí ló dé tí o fẹ́ iṣẹ́ yìí?"

Mo ní, "Nítorí mo mọ igbó. Nítorí pẹ̀lú pé ilé mi dákẹ́ jù."

Ẹlẹ́pà ní, "Ilé dákẹ́? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò fẹ́ iṣẹ́ náà dénú."

Onípàkọ́ tún ní, "Bí wọ́n bá sọ ọ́ di igi, igi wo ni wàá fẹ́ jẹ́?"

Mo wo ojú wọn bóyá eré ni wọ́n ń ṣe. Kì í ṣe eré. Mo ní, "Ọ̀pẹ ni, nítorí kò sí ohun tí a ń jù nù lára ọ̀pẹ."

Ẹni tí ó ń sùn la ojú kan, ó ní, "Ẹni Kẹrìndínlógójì ti sọ bẹ́ẹ̀," ó sì padà sí oorun rẹ̀.

Ẹlẹ́pà ní, "Ọdẹ tí a ń wá kò gbọdọ̀ tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó sì gbọdọ̀ ti ṣọdẹ fún ogójì ọdún. Ṣé irú rẹ̀ ni ọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, mo ti ṣọdẹ kọjá ogójì ọdún. Ti ọgbọ̀n ọdún yẹn, èmi náà wà níbẹ̀ nígbà kan, mo ti kúrò níbẹ̀."

Ó ní, "Kí ló dé tí o fi kúrò níbẹ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn, kí ni ènìyàn ó fi fèsì irú ìyẹn?  Onípàkọ́ wá pa àlọ́ fún mi. Ó ní, "Ó ń jẹ ènìyàn, kò léyín. Ó ń pa ènìyàn, kò mú idà. Kí ni?"

Mo ní, "Ìdúró ni."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹlẹ́pà ní, "Ìdáhùn rẹ kò burú. Ṣùgbọ́n àìsàn ni wọ́n kọ síbí. Máa lọ. A ó pè ọ́."

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kọjá. Ìránṣẹ́ kan dé, ó ní ìdánwò iṣẹ́ ni ó kàn. Ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní Amugbẹ ti gba orísun omi ìlú, ó ń fa omi mu tí ìkòkò gbogbo fi gbẹ. Kí n lọ nìkan, kí n pa á, kí wọ́n lè rí ọwọ́ mi. Inú mi dùn! Nǹkan tí mo mọ̀ ṣe ni wọ́n gbé fún mi yìí.

Amugbẹ ga bí ilé alájà. Awọ rẹ̀ le bí ọlọ, ìrù rẹ̀ gùn bí ọ̀nà oko, imú rẹ̀ méjèèjì wà nínú omi, ó ń fà á gò-gò-gò. Mo yìnbọn fún un, ọta ta padà, ó gé etí fìlà mi. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ó yíjú sí mi bí ẹni tí kòkòrò tà. Kí n tó kó ọta sí i lẹ́ẹ̀kẹta, ìrù rẹ̀ ti wé mi láti orúnkún dé àyà. Egungun mi ń dún bí igi ìdáná. Ìgbà náà ni mo gbójú sókè, tí mo rí Láṣebìkan ní òdìkejì omi, ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti rán òun náà, wọ́n sì ti sọ fún un pé òun nìkan ni.

Ó ń wò mí. Mo rí ìrònú tí ó kọjá lójú rẹ̀. Bí ó bá dúró díẹ̀ sí i, ẹni tí ń wá iṣẹ́ yóò dín kan. N kò bá a wí. Ebi ilé ẹni kì í jẹ́ kí ojú ẹni mọ́ tó bó ṣe yẹ. Lójijì ó súfèé àparò, ó sọ ìbọn nù, ó bẹ́ sọ́rùn ẹranko náà, ó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lójú. Amugbẹ tú mi sílẹ̀, ó la ẹnu rẹ̀ gbàgà láti gbé e mì. Abẹ́ ahọ́n rẹ̀ funfun bí òwú. Ibẹ̀ ni mo yìnbọn sí. Bí ó ti ṣubú, omi tí ó ti mu fún oṣù mẹ́ta tú jáde, ó gbé àwa méjèèjì dé ẹsẹ̀ odi.

Láṣebìkan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ pa á. Ọta yín ni."

Mo ní, "Ọta mi ni, ọrùn rẹ ni. Àwa méjèèjì ni n ó sọ."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà mẹ́ta. Ẹlẹ́pà mi orí, ó ní, "Ẹnì kan ni iṣẹ́ yìí gbà. Ẹni tí ó bá ran ẹnìkejì lọ́wọ́ kò mọ ohun tí ó wá. Ẹ padà sórí òkúta yín. A ó pè yín."

Ìlú jẹ ẹran Amugbẹ fún ọjọ́ méje. A ń gbọ́ ẹ̀rín wọn lókè odi, òórùn ẹran sísun ń fẹ́ sí wa nímú. Ẹ̀kọ tútù ni tiwa. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó lọ. Òjò dé. Mo gbàgbé ohùn ara mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wúkọ́ lọ́jọ́ kan tí mo bojú wẹ̀yìn wo ẹni tí ó wúkọ́.

Ní òwúrọ̀ kan, mo bi Ìyá Ṣínà ní ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti bi odídẹrẹ́ láti ilé. Mo ní, "Ìyá, níbo ni Igbó Ọba tí a fẹ́ ṣọ́ yìí wà gan-an?"

Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbá àgbàlá yìí, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó bèèrè. Gba ìgbálẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá gbé ìgbálẹ̀ dání, ojú ẹnikẹ́ni kì í rí i. Tẹ̀lé mi."

A la ààfin kọjá. Mo rí àwọn àgbà mẹ́ta náà, n kò rí i pé wọ́n rí mi. Nígbà tí a yọ lẹ́yìn ààfin, Ìyá Ṣínà na ọwọ́. Kùkùté igi ni mo rí. Kùkùté, kùkùté, títí dé ibi tí ọ̀run ti kan ilẹ̀. Ilé dáradára kan wà láàárín wọn. Ọkùnrin kan sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nínú aṣọ ọdẹ ọba, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Ìyá Ṣínà ní, "Àbúrò olorì nìyẹn. Ọdún tí mo dé síbí ni wọ́n ti fún un ní iṣẹ́ tí ẹ̀ ń wá. Kò yìnbọn rí láyé rẹ̀."

Mo ní, "Àwọn ọdẹ méje ńkọ́?"

Ó ṣílẹ̀kùn yàrá kan fún mi. Àga méje wà níbẹ̀, eruku bò wọ́n bí aṣọ. Ó ní, "Kò sí ọdẹ méje rí. Odídẹrẹ́ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé nígbà náà tí wọ́n ń pè wá?"

Ó ní, "Òfin ìlú ni pé kí wọ́n kéde lọ́dọọdún. Lọ́dọọdún pẹ̀lú ni ẹranko kan máa ń yọ ìlú lẹ́nu. Ta ni ẹ rò pé yóò máa pa á?"

Mo jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga náà. Mo wo mẹ́fà tí ó kù. Mo sunkún, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kó ṣe é. Ìyá Ṣínà kò sọ pé kí n dákẹ́. Ó dúró tì mí, ó ń gbá ibi tí kò dọ̀tí.

Nígbà tí mo padà sí àgbàlá, mo bá Láṣebìkan tí ó ń fá irùngbọ̀n, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ìránṣẹ́ ti wá ní gbàrà tí mo jáde. Wọ́n ti pe Ẹni Kejìdínlógójì fún ìdánwò kejì.

Mo sọ gbogbo ohun tí mo rí fún un. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni ẹ̀rín ń kúrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú ni ó rọ́pò rẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n pè mí, wọn kò pè yín. Ohun tí ó ń dùn yín nìyẹn."

Mo ní, "Láṣebìkan, kò sí igbó níbẹ̀."

Ó ní, "Ọjọ́ tí Amugbẹ dì yín mú, ó yẹ kí n ti dúró."

Mo ní, "Mo mọ̀. Mo rí i lójú rẹ. O kò sì dúró."

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo bọ́ àpáàdì ọrùn mi, mo gbé e sórí òkúta mi, mo jáde. Ẹ gbọ́ nǹkan ìyanu kan: àwọn oníbodè tí ó gbà ju ọjọ́ méjì lọ lọ́wọ́ mi kí n tó wọlé, nígbà tí mo ń jáde, wọn kò bi mí ní nǹkan kan.

N kò lọ sílé. Ajùbà ni mo forí lé. Mo bá Fẹ́yìntọlá nínú oko ilá, ó ń roko. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara bàbá Tinú le?"

"Ó le."

"Ṣé wọ́n ti gbà á?"

Ọ̀nà ni mo ti ń ronú ohun tí n ó sọ, ṣùgbọ́n bí mo ti rí ojú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo ní, "Wọ́n ní àwọn yóò pè é." Lẹ́yìn náà mo sọ ìyókù: kùkùté, àga, àbúrò olorì. Ó gbọ́ ọ tán. Ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fa Tinú lé ìyá àgbà rẹ̀ lọ́wọ́, ó fún ọ̀já mọ́ ìdí, ó ní kí n mú òun lọ.

Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ odi Dúródèmí, ó ní kí n dúró lẹ́yìn. Ẹ̀yin mọ̀ pé obìnrin ilẹ̀ wa kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ó bojú wo ọ̀tún, ó bojú wo òsì bí ẹni tí ó fẹ́ jalè. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀, n kò pè é rí." Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó lọgun:

"Láṣebìkan! Láṣebìkan ọmọ Ajíbóyè! Láṣebìkan bàbá Tinú, ọkọ Fẹ́yìntọlá! Mo ní kí o máa bọ̀ nílé o!"

Gbogbo àgbàlá náà ni mo gbọ́ tí ó dìde. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ orúkọ ènìyàn. Àwọn olóyè yọjú lókè odi, wọ́n ní kí ó dákẹ́, kò dákẹ́. Oòrùn ń yọ ni ó bẹ̀rẹ̀. Oòrùn wà lórí wa gan-an nígbà tí ibodè ṣí tí Láṣebìkan jáde. Ó ti rù. Ọdẹ mẹ́ta tẹ̀lé e jáde. A gbọ́ tí àwọn tí ó kù padà jókòó.

Fẹ́yìntọlá di apá rẹ̀ mú. Láṣebìkan rìn dé ọ̀dọ̀ mi, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìdánwò kejì ọ̀hún, ìbọn ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ ọdẹ ọba ni wọ́n ní kí n nù. Ó ti dógùn-ún tán."

Mo ní, "Jẹ́ ká máa lọ."

Ní oríta, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn kálọ sí Ajùbà. Mo ní wọ́n ń retí mi nílé, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹni tí ó bá rí tọkọtaya tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ara wọn padà, ó yẹ kí ó mọ ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n yà sọ́tùn-ún, mo yà sósì. Mo ti rìn dé ìdí igi kẹrin tàbí ìkarùn-ún nígbà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin náà lẹ́yìn mi.

"Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́gbàmí o!"

Mo dúró. Mo retí pé yóò sọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Kò sí ohun tí ó fẹ́ sọ. Ó kàn pè mí ni.

Mo yíjú padà sí ohùn náà.  Mo wá dáhùn, "Hóò!" ohùn mi sì lọ jìnnà láàárín àwọn igi.